Ojú ọkọ mi pọ́n bí ìbẹ́pẹ, ẹbí rẹ̀ ní èmi ni mo ṣe é

Ìyá Tọ́pẹ́, Mararaba:
Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ojú ọkọ mi ti pọ́n bí ìbẹ́pẹ, ikùn wú, ẹsẹ̀ wú, oúnjẹ ò wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé láti Ìlọrin, kò tíì kí aláìsàn tó fi ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi wò. Èmi tí mo ń jí láago mẹ́rin lọ ra ẹja ní Nyanya! Ilé ìwòsàn kan tọ́jú ibà fún un lẹ́ẹ̀mejì, owó lọ, ara ò yá. Onílé tún ń yọ wá lẹ́nu. Àgbo ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wo ló dájú?

Bàbá Kubwa:
Ẹ má dán àgbo wò. Bí ti àbúrò mi ní Kàdúná ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù méjì la fi ń fún un ní egbò igi. Nígbà tá a máa fi dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ ló ń bì. A sin ín.

Ìyá Ìbejì:
Ojú tèmi náà pọ́n rí ní kékeré, omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni ìyá mi sè fún mi tó fi lọ.

Nọ́ọ̀sì Lugbe:
Ìyá Ìbejì, ojú pípọ́n kì í ṣe oríṣi kan. Òmíràn ń lọ fúnra rẹ̀, òmíràn ń jẹ ẹ̀dọ̀ run. Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ ò mẹ́nu ba èsì ẹ̀jẹ̀ kankan. Ṣé wọ́n ti yẹ hepatitis, àrùn ẹ̀dọ̀ wíwú, wò? Ṣé wọ́n ṣe sikáànù ikùn? Ṣé ó ń mutí?

Ìyá Tọ́pẹ́:
Ọkọ mi kì í mutí! Àgbo díẹ̀ ló ń mu, àti parasítámọ́ọ̀ nítorí ara gbígbóná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ bá wí.

Bàbá Kubwa:
Àgbo àti parasítámọ́ọ̀ lórí ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn! Kí lẹ wá ń bi wá sí?

Nọ́ọ̀sì Lugbe:
Ẹ rọra, ìdààmú bá wọn.

Ìyá Tọ́pẹ́:
Ẹ má bínú. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ti bá hepatitis B lára rẹ̀. Ó ń lo tenofovir, oògùn tó ń ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò, lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ le, àfi bí ẹnì kan ṣe ní òun á fi àgbo fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti jáwọ́ nínú oògùn náà. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti àná, ọ̀sán ló ń sùn, kì í sùn lóru, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pe Tọ́pẹ́.

Nọ́ọ̀sì Lugbe:
Ẹ dìde báyìí! Oògùn yẹn, téèyàn bá dédé jáwọ́, kòkòrò náà lè jí padà kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Májèlé tí ẹ̀dọ̀ ò lè sẹ́ mọ́ ló ń dé ọpọlọ rẹ̀ yẹn. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní National Hospital, Àbújá, kó má dọ̀la. Ẹ mú èsì àtijọ́ àti ìgò oògùn náà dání. Ẹ má fún un ní àgbo tàbí oògùn oorun. Kí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ náà ṣàyẹ̀wò. Jíjẹun pa pọ̀ kì í tàn án ká, ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ni, àti láti ara ìyá sí ọmọ.

Ìyá Tọ́pẹ́:
Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú mi o.

Nọ́ọ̀sì Lugbe:
Ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó jókòó. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá bí i.

Ìyá Tọ́pẹ́:
Mo ti sọ òtítọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ló ń bá mi gbé e wọ ọkọ̀ báyìí.