Ẹ̀rọ ìgékoríko olókùn fún àgbàlá kékeré: ṣé oníwáyà, oníbátìrì, àbí elépo?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó sófo. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìgékoríko, irú èyí tó ní ọ̀pá gígùn, tí okùn náílọ́ọ̀nù ń yí fìrìfìrì nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àgbàlá mi ò tóbi. Ẹ̀yìnkùlé gùn tó mítà 12, ó fẹ̀ tó mítà 9. Iwájú ilé ò ju mítà 6 sí 5 lọ. Ọ̀nà tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ló so méjèèjì pọ̀. Koríko ibẹ̀ rọ̀, àfi igun kan lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn tí èpò ti gbó sí, tí igi rẹ̀ ti nípọn bí ìka ọwọ́.

Àlùmọ́gàjí ńlá ni mo ti ń lò látẹ̀yìn wá. Àmọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi kán ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ó ti jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gé etí ògiri, ó di ọjọ́ kejì kó tó yéé ro mí. Lóṣù tó kọjá ni ọ̀rẹ́ mi yá mi ní elépo tirẹ̀. Mo fa okùn rẹ̀ bí ìgbà ogún, kò dáhùn. Nígbà tó fi máa di alẹ́, ọwọ́ mi ti wú. Mo dá a padà láìgé ewé kan.

Àwọn kan ń sọ fún mi pé elépo nìkan ló ń gé koríko, pé ohun ìṣeré ni ìyókù. Aládùúgbò mi sì rèé, iṣẹ́ òru ló ń ṣe, ọ̀sán ló ń sùn. Mi ò fẹ́ máa fi ariwo jí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, èwo lẹ máa rà?

Oníṣẹ́-iná

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọwọ́ náà á le padà. Oníwáyà ni èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó fúyẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju kílò 2 sí 3 lọ. Bí iná bá ti wà, kì í rẹ̀ ẹ́. Ẹ lè gbé e kọ́ fún oṣù mẹ́fà, ọjọ́ tí ẹ bá tún kì í bọ iná, á yí. Òun náà ni owó rẹ̀ máa ń kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi wáyà ni iṣẹ́ wà. Ẹ́síténṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún ìta ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí a fi ń so fáànù nínú yàrá. Bí wáyà bá ṣe gùn tó ló ṣe yẹ kó nípọn tó. Èyí tó gùn tó tún tín-ín-rín á ti jẹ lára agbára iná kó tó dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á wá máa làálàá, á sì máa gbóná. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ká mọ́ àgbá ni, ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Wáyà tó wà ní kíká kì í rí ibi tú ooru dà sí. Mo ti fi ojú mi rí èyí tó yọ́ lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ní ohun ààbò tó ń já iná lójú ẹsẹ̀ tí iná bá fẹ́ gba ara èèyàn kọjá, èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí lára. Mi ò lè ṣàì sọ èyí, torí ohun tó ń gé nǹkan ń yí nítòsí wáyà ní gbogbo ìgbà. Tí koríko bá tutù, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rárá. Ẹ̀bá sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lọ síwájú, kí wáyà máa tẹ̀ lé yín lẹ́yìn.

Ìbéèrè mi rèé: mítà mélòó ló wà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì dé igun tó jìnnà jù? Ẹ wọ̀n ọ́n gba ibi tí wáyà máa gbà, títí kan gbogbo kọ́nà.

Ìyá Olódòdó

Òótọ́ ni ọ̀gá oníṣẹ́-iná sọ. Ọdún mẹ́rin ni èmi náà fi lo oníwáyà. Òdòdó mi ló jẹ́ kí n fi í sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti yí kọ́nà ni wáyà ń wọ́ gba orí ebè. Ojú mi á wà níwájú, n ò ní mọ̀, àfi tí mo bá bojú wẹ̀yìn tí mo rí ọ̀gbìn mẹ́ta tó ti dá. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Oníbátìrì ni mo ń lò láti ọdún mẹ́ta báyìí. Ohun tó yàtọ̀ jù lójú mi ni pé mi ò dúró de ọjọ́ iṣẹ́ mọ́. Mo rí koríko tó ga lẹ́bàá òkúta, mo gbé ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú méjì, ó tán. Nígbà tí mo ń lo oníwáyà, títú wáyà àti kíká a padà jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ láyè ara rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí dà yín láàmú. Bátìrì tí wọ́n kọ 18 fólùtì sí àti èyí tí wọ́n kọ 20 sí, ọ̀kan náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́: sẹ́ẹ̀lì márùn-ún tí a tò léra, 20 jẹ́ ti ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, 18 jẹ́ ti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni fólùtì ní ìlọ́po Ah (ampere-hour, nọ́ńbà tó ń sọ bí iná tí bátìrì lè gbà pamọ́ ṣe pọ̀ tó); èsì rẹ̀ ni wáàtì-wákàtí (Wh). 18 ní ìlọ́po 2 jẹ́ 36, 18 ní ìlọ́po 4 jẹ́ 72. Tí ẹ̀rọ bá ń jẹ wáàtì 250, bátìrì tó ní 72 á gbé e fún bí ìṣẹ́jú 17, èyí tó ní 36 ò ní tó ìṣẹ́jú 9. Àwọn tó ń sọ pé bátìrì ò gbé wọn débì kan, èyí tó kéré jù ni ọ̀pọ̀ wọn rà.

Ẹ má fi sórí ṣájà nígbà tó ṣì gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ẹ má gbàgbé ẹ̀ sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Tí ẹ ò bá ní lò ó fún oṣù bíi mélòó kan, ìdajì ni kí ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe kíkún, kì í ṣe gbígbẹ. Lọ́jọ́ kan á gbó, bátìrì tuntun ò sì kéré lówó. Nítorí náà, ẹ mú irú èyí tí bátìrì rẹ̀ á tún wọ inú ẹ̀rọ mìíràn tí ẹ ní nílé.

Ó kù díẹ̀: ṣé gbogbo ojú koríko lẹ fẹ́ fi gé, àbí etí nìkan?

Mẹkáníìkì

Ẹ̀rọ elépo ni mò ń tún ṣe jẹun, nítorí náà ẹ gba èyí gbọ́ lẹ́nu mi: ẹ má rà á fún àgbàlá yẹn. Àwọn tó ń lo tiwọn lójoojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn tó ń lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń kún ibẹ̀. Epo tó kù nínú kabúrétọ̀ á gbẹ, á di gọ́ọ̀mù, á sì dí àwọn ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣe ti ọ̀rẹ́ yín nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ ò lágbára tó láti fà á.

Ọ̀pọ̀ wọn tún jẹ́ two-stroke, wọn ò ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé lọ́tọ̀. Inú epo la ń po ọ́ìlì mọ́. Tí ìwé ẹ̀rọ bá sọ pé 50:1, mílílítà 20 ọ́ìlì ló máa wọ lítà epo kan. Tó bá sọ pé 40:1, mílílítà 25 ni. Ẹni tó bá bu pẹtiróòlù lásán sí i, písítìnì á ha, ẹ́ńjìnì á sì gan. Mo ti sọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì tíì rọrùn fún mi rí.

Ti ọwọ́ yín ló jẹ mí lógún jù. Elépo wúwo tó kílò 4 sí 6, ó sì ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn á sì máa lọ tààrà sínú egungun tó ti kán rí. Ní ti ariwo, láti dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 ni wọ́n ti ní ká máa bo etí wa, elépo sì sábà máa ń ju 95 lọ létí ẹni tó gbé e dání. Aládùúgbò yín ò ní rí oorun sùn.

Agékoríko

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, ẹ má bínú, mo máa ta kò yín díẹ̀. Koríko gígé ni iṣẹ́ mi, elépo sì ni mo ń gbé kọ́rùn láàárọ̀ dalẹ́. Igun tí èpò ti nípọn bí ìka ńkọ́? Oníwáyà kékeré tàbí oníbátìrì 18 ò lè ṣe é. Okùn á kàn máa já ni. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó dárúkọ igun yẹn.

Ìyá Olódòdó

Òótọ́ lo sọ, àbúrò mi, a fò ó. Àmọ́ ṣé torí igun kan ṣoṣo la ṣe máa ní kí ẹni tí ọwọ́ ń ro gbé kílò 5 yí ilé ká? Kí wọ́n bá wa hú èpò yẹn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Èyí tó bá tún hù, kó tó le, okùn á ti gé e.

Ohun tó rọ̀ ni wọ́n ṣe okùn yìí fún látìbẹ̀rẹ̀. George Ballas tó ronú kan ẹ̀rọ náà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1971, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ mọ́tò ló ti rí búrọ́ọ̀ṣì náílọ́ọ̀nù tó ń yí, tó ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀ láìha ọ̀dà. Ó lu ihò sára agolo, ó ki okùn ìpẹja bọ inú rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ. Koríko tó yí ìdí igi ká ló ń wá bí òun á ṣe gé, kì í ṣe igbó.

Agékoríko

Mo gbà, màmá. Tí wọ́n bá máa hú u, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn kan kún un: ẹ má fi kílò ara páálí nìkan ra ẹ̀rọ. Ẹ gbé e dání bí ẹni tó ń gé koríko fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nínú ọ̀pọ̀ oníwáyà kékeré, ìsàlẹ̀ ni ohun tó ń yí okùn wà, ibẹ̀ á máa fa ọwọ́ wálẹ̀. Tí bátìrì bá wà lókè lẹ́yìn, ó máa ń gbè é. Èyí tó wúwo jù lórí òṣùwọ̀n lè wá fúyẹ́ jù lọ́wọ́.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo wọ̀n ọ́n: láti sọ́kẹ́ẹ̀tì dé igun ẹ̀yìn jẹ́ mítà 17, dé iwájú ilé gba ọ̀nà tóóró jẹ́ mítà 26, pẹ̀lú kọ́nà mẹ́ta. Màmá, etí nìkan ni. Mo ní ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ tì fún àárín.

Mo ṣe ohun tí àbúrò agékoríko sọ. Oníwáyà kílò 2 àti díẹ̀ ń fa ọrùn ọwọ́ mi wálẹ̀ kí ìṣẹ́jú kejì tó pé. Oníbátìrì wúwo jù ú lọ, àmọ́ ó dúró jẹ́ẹ́. Òun ni mo rà, pẹ̀lú bátìrì tó ní 72. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi hú igun yẹn. Lánàá mo gé iwájú àti ẹ̀yìn láàárín ìṣẹ́jú 14, ọwọ́ ò ro mí láàárọ̀ yìí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ tó.

Ìṣòro kan ló kù: lẹ́bàá ògiri, okùn já lẹ́ẹ̀mẹrin.

Agékoríko

Ẹ kú oríire! Ẹ̀ ń ti okùn mọ́ ògiri ni. Orí okùn ló ń gé, kì í ṣe ìdí rẹ̀. Ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, kó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló ń kan koríko. Ìdí igi náà bẹ́ẹ̀, torí tí okùn bá bó èèpo igi kékeré yípo, igi náà á kú. Ẹ má yọ ìbòrí ẹ̀rọ, ẹ má sì tìtorí jíjá ra okùn tó nípọn ju èyí tí ìwé ẹ̀rọ sọ. Tí wọ́n bá ní mílímítà 1.6, òun náà ni kí ẹ lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á gbóná.

Mẹkáníìkì

Tí okùn náà bá ti pẹ́ nílẹ̀, ó ti gbẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú kí ẹ tó ká a sínú ẹ̀rọ. Náílọ́ọ̀nù máa ń fa omi díẹ̀ mọ́ra, á rọ̀, kò sì ní máa já bẹ́ẹ̀ mọ́.