Ọlọ́pàá tú ọkọ̀ àjọní wa: ṣé mo lè takò ó?

Ẹ káalẹ́ o. Houston ni mo wà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ni Camry kan, orúkọ àwa méjèèjì ló wà nínú ìwé rẹ̀. Òun nìkan ló ń wà á lọ́jọ́ Sátidé tí ọlọ́pàá fi dá a dúró, tí wọ́n tú búùtù. Wọ́n fa sípù àpò tí màmá wa fi aṣọ òkè ránṣẹ́ láti Ìbàdàn ya, wọ́n sì gbé e lọ. Èmi ni mo ni àpò. Ṣé mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní kóòtù?

— O ní in. Ẹjọ́ Rakas ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà, 1978: èrò tí kò ni ọkọ̀, tí kò sì ni ẹrù inú rẹ̀, ni wọ́n ní kò lè takò títú ọkọ̀. Ìwọ kì í ṣe èrò.

— Ẹ fi ẹjọ́ Byrd kún un, 2018, ilé ẹjọ́ kan náà. Orúkọ awakọ̀ inú ẹjọ́ yẹn ò tilẹ̀ sí nínú ìwé ọkọ̀ ayálò, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ ní ìyẹn nìkan ò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

— Ẹ rọra o. Pé èèyàn lè takò ó ò ní kó borí. Bí ọlọ́pàá bá ní ìdí gidi, wọn ò nílò ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ láti tú mọ́tò, láti 1925. Ṣé ẹ̀gbọ́n yín gbà fún wọn kí wọ́n tú u?

— Ó ní òun kàn ń mi orí ni. Orí mímì yìí ló ń bà mí lẹ́rù.

— Lọ́yà ni kẹ́ ẹ wá lọ́la, ẹ̀gbọ́n náà ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.