Àrùn àti oúnjẹ aṣaralóore nínú ìdánwò ìlera: kí ló yẹ kí ọmọ yìí gbájú mọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa. Àbúrò mi wà ní SS3 níbí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ó ń múra sílẹ̀ fún WAEC, ó sì fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìlera ní Ìjerò lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ àrùn wà lórí ahọ́n rẹ̀ dáadáa, àmọ́ bó bá ṣe ìbéèrè àtijọ́, máàkì rẹ̀ kì í kọjá ìdajì. Ẹ wo ìdáhùn rẹ̀ kan: "Ẹ̀fọn ló ń fa ibà. A lè fi ìmọ́tótó dènà rẹ̀." Máàkì kan péré nínú márùn-ún ni wọ́n fún un. Ní ti oúnjẹ, ó máa ń da kwashiorkor pọ̀ mọ́ marasmus, àrùn àìtó oúnjẹ méjì tó ń mú ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kó ṣe máa kọ ọ́?

Tíṣà Báólójì dáhùn pé:

Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò o. Máàkì kan náà ló tọ́ sí i. Ẹ̀fọn kì í fa ibà, gbígbé ló ń gbé e kiri. Plasmodium ni orúkọ kòkòrò tó ń fà á, abo ẹ̀fọn Anopheles ló sì ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Kó má gbàgbé ọ̀rọ̀ "abo" yẹn o, torí akọ kì í mu ẹ̀jẹ̀. Abo ló nílò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó lè yé ẹyin.

Kó máa bi ara rẹ̀ léèrè lórí àrùn kọ̀ọ̀kan: kí ló ń fà á, kí ló ń gbé e, ibo ló ń gbà wọ ara, àmì wo la fi ń mọ̀ ọ́n, báwo la ṣe ń dí ọ̀nà tó gbà wọlé? Ìdáhùn ìkẹyìn gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà yẹn mu. "Ìmọ́tótó" kò sọ ohun tí ènìyàn máa ṣe fún ẹni tó ń máàkì. Kó kọ ọ́ pé kí á sun sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi oògùn sí, torí òru ni Anopheles máa ń jẹni. Kí á sì dí kòtò tí omi ń dá sí. Ẹ̀fọn Aedes tó ń gbé ibà pọ́njú yàtọ̀: ọ̀sán ló máa ń jẹni, inú agolo, táyà àti ìkòkò omi ló sì ń yé sí. Bí ìbéèrè bá dá lórí ibà pọ́njú, tó wá kọ nẹ́ẹ̀tì sí ipò kìíní dípò abẹ́rẹ́ àjẹsára, máàkì á lọ.

Wọ́n tún fẹ́ràn láti béèrè ìdí tí ibà kì í fi í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀fọn jẹni. Inú ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò náà kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i, kó tó wọ inú hóró ẹ̀jẹ̀ pupa. Nígbà tí àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí bá ń bẹ́ ni òtútù àti ara gbígbóná máa ń dé. Láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn jẹni, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kó má kọ oòrùn tàbí iṣẹ́ àṣejù gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń fa ibà, bó ti wù kí wọ́n máa sọ ọ́ tó nílé.

Nọ́ọ̀sì Adó dáhùn pé:

Tíṣà ti sọ ọ́ dé ibi tó yẹ. Èmi fẹ́ fi ti omi kún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú jù.

Sòbìà, àtọ̀sí ajá (bilharzia) àti àrùn afọ́jú ẹ̀bá odò, gbogbo wọn ló jẹ mọ́ omi, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Omi mímu ni sòbìà ń bá wọlé, nípasẹ̀ cyclops, ẹ̀dá tíntìntín inú omi adágún; nítorí náà aṣọ la fi ń sẹ́ omi náà. Àjọ WHO ti kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àtọ̀sí ajá ń gba awọ ara wọlé nígbà tí ènìyàn bá ń wẹ̀ tàbí tó ń fọṣọ nínú odò tí ìgbín omi wà. Sísẹ́ omi mímu kò lè dènà rẹ̀. Àrùn afọ́jú ẹ̀bá odò ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣì jù. Kò sí nínú omi rárá. Eṣinṣin dúdú kékeré Simulium ló ń gbé e, ibi tí odò bá ti ń ṣàn kíákíá lórí àpáta ló sì ń yé sí. Oògùn ivermectin ni wọ́n ń pín fún ará ìlú lórí rẹ̀.

Onígbáméjì: bakitéríà Vibrio cholerae ló ń fà á, inú oúnjẹ àti omi tí ìgbẹ́ ti kàn ló ń gbà wọlé. Àmì rẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru tó funfun bí omi ìrẹsì. Gbígbẹ omi ara ló ń pa ènìyàn, ìdí nìyẹn tí omi iyọ̀ àti ṣúgà fi ṣe kókó. Kó mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú: lítà kan omi mímọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí ojú ṣíbí tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má ga bí òkìtì. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó léwu fún ọmọ. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ gbuuru á le sí i. Wákàtí 24 péré ni kí á lò ó, kí á da èyí tó kù nù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì á mu mìlílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá bì í, kí á dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí á tún máa fún un díẹ̀díẹ̀.

Ibà Lassa: fáírọ́ọ̀sì ni. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku Mastomys tó kan oúnjẹ ló ń tàn án. Kó dárúkọ gàrí tí wọ́n sá sí etí títì, kó sì kọ pé inú ohun èlò tó ní ìdérí ni kí á máa kó oúnjẹ sí.

Olóúnjẹ Ìfàkì dáhùn pé:

Kwashiorkor: púrótéènì ló wọ́n ọmọ náà jù. Ó sábà máa ń mú ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tó wá ń mu ògì lásán. Ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń wú: bí a bá fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ojú ibẹ̀ á jìn. Irun á pọ́n, á fẹ́lẹ́, awọ á máa bó, ọmọ náà kì í sì fẹ́ jẹun. Marasmus: gbogbo oúnjẹ ló wọ́n ọn, àti amúnilókun àti púrótéènì. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Egungun ìhà á yọ, ojú á dà bí ti arúgbó, awọ ìdí á rọ̀ jọwọrọ, ẹsẹ̀ kò ní wú, ebi sì máa ń pa á gan-an. Ẹsẹ̀ wíwú ni kó kọ́kọ́ wá nínú ìbéèrè.

Bí wọ́n bá ní kó ṣètò oúnjẹ, kó má kọ "iyán àti ọbẹ̀" kó lọ jókòó. Iyán jẹ́ amúnilókun, púrótéènì inú rẹ̀ kéré. Ẹ̀gúsí àti ẹja ló mú púrótéènì wá, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló mú irin wá, epo pupa ló mú fítámì A wá. Omi tí a fún jáde lára ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ máa ń gbé fítámì C lọ, torí inú omi ló ń yọ́. Inú ọ̀rá ni A, D, E àti K ń yọ́ ní tiwọn.

Àìtó fítámì A ń fa àìríran lálẹ́; ti C ń fa scurvy, èrìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀; ti D ń fa rickets, egungun ẹsẹ̀ ọmọ á tẹ̀; ti áyódìn ń fa gẹ̀gẹ̀; ti irin ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bù kún yín. Ti pírákítíkà ńkọ́? Ó ní àwọ̀ Benedict àti ti Biuret, àwọn oògùn tí a fi ń dán oúnjẹ wò, máa ń dà rú mọ́ òun lójú.

Tíṣà Báólójì:

Benedict wà fún ṣúgà bíi glucose, ó sì gbọ́dọ̀ gbóná: inú omi gbígbóná la ń ki túùbù rẹ̀ bọ̀, àwọ̀ búlúù á di ewéko, á di yẹ́lò, á wá pọ́n bí bíríkì. Ṣúgà tí à ń fi mu tíì kò ní yí àwọ̀ padà bẹ́ẹ̀. A ní láti kọ́kọ́ fi hydrochloric acid tí a fi omi là sè é, kí á fi sodium bicarbonate pa agbára acid náà, kí á tó da Benedict sí i. Biuret wà fún púrótéènì, a kì í gbé e kaná: sodium hydroxide lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà copper sulphate ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, títí àwọ̀ àlùkò á fi yọ. Bó bá da copper sulphate jù, búlúù rẹ̀ á bo àlùkò yẹn mọ́lẹ̀, ó sì lè kọ ọ́ pé kò sí púrótéènì níbẹ̀.