Ilé onípákó àtijọ́ tí a fẹ́ fi ṣe mùsíọ́mù: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Àjọkẹ́_Ìtàn:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilé àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nípa Old Residency ní Calabar, ibùgbé aṣojú ìjọba Britain nígbà kan, tó ti di mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀. Igi páìnì pupa láti Scandinavia ni wọ́n fi kọ́ ọ. Britain ni wọ́n ti gé pákó rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá ní 1884. Páìnì kì í ṣe ìrókò, ikán a máa jẹ ẹ́ dáadáa, òjò Calabar kò sì mọ níwọ̀n. Kí ló ń mú irú ilé bẹ́ẹ̀ pẹ́? Bí ìlú mìíràn bá ní ilé onípákó ayé òyìnbó amúnisìn tí wọ́n fẹ́ sọ di mùsíọ́mù, kí ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò kówó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde?

Baba_Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa igi, omi ni. Pákó tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò bá kọjá ìdá 20 nínú 100 kì í jẹrà. Nítorí náà, orí òrùlé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gun òkè àjà lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ pa iná. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Ẹ padà lọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, torí ihò ìṣó tí kò gba ìmọ́lẹ̀ lè gba omi. Páànù àtijọ́ kì í sábà jò láàárín, ìdí ìṣó ló ti ń jò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ síbi tí omi ti ń dúró: ẹsẹ̀ òpó, abẹ́ fèrèsé, àti orí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e, torí ẹnu tí wọ́n gé yẹn máa ń fa omi bí òwú fìtílà. Ẹ má gba ọ̀dà gbọ́ o. Ó lè máa dán lójú kí inú igi ti di búrẹ́dì. Ẹ fi òòlu gún un lọ́nà ìbú, kẹ́ ẹ hú u sókè. Igi tó dáa á fa ẹ̀rún gígùn jáde, á sì dún. Èyí tó ti jẹrà á ṣẹ́ kúkúrú láìdún.

Bí ẹsẹ̀ òpó bá ti bàjẹ́, ẹ má ju gbogbo òpó nù. Ẹ fi igi míì gbé ẹrù orí rẹ̀ ná, kẹ́ ẹ gé e kọjá ibi tó bàjẹ́ dé ibi tó le, kẹ́ ẹ gé e ní dídàgẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá so páìnì gbígbẹ mọ́ ọn, kí ìlà ara àwọn méjèèjì kọjú sí ọ̀nà kan náà. Ẹ má da símẹ́ńtì yí ẹsẹ̀ òpó ká láéláé. Omi tó bá wọ àárín símẹ́ńtì àti igi kì í rí ọ̀nà jáde mọ́.

Àtàrí_Òrùlé:
Òótọ́ ni Baba sọ. Ẹ jẹ́ n fi ti ikán kún un. Irú ilé wọ̀nyí sábà máa ń wà lórí òpó kúkúrú kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kéèyàn sì lè bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀. Bí wọ́n bá fi búlọ́ọ̀kù dí abẹ́ ilé kí wọ́n lè rí ibi kó ẹrù sí, ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí fún ikán yẹn.

Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ tí ikán mọ sára òpó, ẹ wó nǹkan bí ìka mẹ́ta láàárín rẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Bí wọ́n bá ti mọ ọ́n padà, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé nìyẹn. Ẹ tún fi irin pẹlẹbẹ dé orí òpó, kí etí rẹ̀ yọ síta, kó sì tẹ̀ sísàlẹ̀. Kì í pa ikán o, ṣe ló ń lé wọn jáde síbi tí ojú á ti rí wọn. Oògùn bórásì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún igi inú ilé, ṣùgbọ́n òjò á fọ̀ ọ́ kúrò lára pákó ìta.

Àjọkẹ́_Ìtàn:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Bí ọyẹ́ bá dé, àárín pákó ògiri a máa ṣí sílẹ̀. Ṣé ká fi nǹkan dí i? Ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́?

Olùtọ́jú_Ẹrù:
Ẹ má dí i. Igi ń sún kì nígbà ọyẹ́ ni. Bí òjò bá dé á tún wú. Bí nǹkan líle bá ti wà láàárín, àwọn pákó á ti ara wọn títí ìṣó á fi fà tu.

Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń tàn lọ́sàn-án, tí wọ́n ń pa lálẹ́, burú ju kó má sí rárá. Gbígbẹ àti rírin lójoojúmọ́ ló ń la ère igi, tó sì ń bó ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ wọn fún, kẹ́ ẹ kó ìwé àti aṣọ sínú àpótí gíláàsì tó dé dáadáa, ní yàrá tí oòrùn kì í wọ̀. Kí ìmọ́lẹ̀ orí wọn má ju 50 lux lọ (lux ni ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀).

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìdílé kan ni wọ́n ṣe ilẹ̀ pákó yẹn fún, kì í ṣe ọgọ́ta ọmọ iléèwé tó dúró sójú kan. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà wo igi abẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn, kẹ́ ẹ kọ iye èèyàn tó lè gùn ún sí ìdí àtẹ̀gùn, kẹ́ ẹ sì fi àwọn ohun wíwúwo sísàlẹ̀.

Ọ̀dà àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, májèlé sì ni. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má sì fi sáńpépà gbígbẹ ha á. Ẹ fi omi rẹ ẹ́, kẹ́ ẹ fi ìbòmú bo imú. Bí ìjọba bá sì ti kéde ilé náà bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, bí wọ́n ti ṣe fún ti Calabar ní 1959, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìṣó.

Kẹ́ ẹ tó kun ọ̀dà tuntun, ẹ wá ibi kọ́lọ́fín kan, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ mímú ha ibi tó tó ojú kọ́bọ̀ ní ìpele-ìpele, títí ẹ ó fi kan igi. Àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló sábà máa ń jẹ́ ti àwọn tó kọ́ ọ. Ẹ má kun ibẹ̀, ẹ fi gíláàsì kékeré bò ó. Bákan náà, ẹ má sun pákó tẹ́ ẹ bá yọ: ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ sára rẹ̀, kẹ́ ẹ kó o pa mọ́.