Ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ ni ọmọ mi ń sọ padà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkànní, Òṣogbo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 4 lóṣù tó kọjá, dókítà sì ti sọ fún wa pé ọ́tísìmù ni, ìyẹn ni pé ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbà kọ́ ọ̀rọ̀ àti bíbá èèyàn ṣe yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ yòókù. Ó ń sọ̀rọ̀ o, ẹnu rẹ̀ já geere, àmọ́ ọ̀rọ̀ wa ló ń sọ. Tí mo bá ní "Kí lo fẹ́ jẹ?", á wo ẹnu mi, á ní "Kí lo fẹ́ jẹ?", ohùn rẹ̀ á rí bíi tèmi gẹ́lẹ́. Ìpolówó àgbo tí wọ́n ń ṣe lórí rédíò, ó mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí inú rẹ̀ bá dùn, "Up NEPA!" ló ń pariwo, iná ì báà dé, kó má dé.

Màmá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ọmọ náà ń sín àgbà jẹ, wọ́n sì ti gbá a lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bá wọn sọ ọ́. Olùkọ́ rẹ̀ náà ní kí n yéé sọ Yorùbá sí i, pé èdè méjì ló dà á lórí rú.

Èyí tó wá ń já mi láyà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Láàárín òru, á dìde jókòó, á máa wí pé "Pẹ̀lẹ́ ọkọ mi, ó ti tán. Pẹ̀lẹ́ ọkọ mi, ó ti tán." Kì í sunkún. Màmá ní ẹni tí a ò rí ló ń bá sọ̀rọ̀, kí a gbé e lọ ilé àdúrà. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.

Ìyá Ìbejì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀kan nínú àwọn tèmi náà sín wa jẹ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 2, ó sì fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa gbàdúrà.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, gbogbo ọmọ ló ń ti ẹnu àgbà kọ́ ọ̀rọ̀. Èyí tó ti pé ọdún 4 tó ṣì wà lórí rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ mi ni ríran àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń fún ní wàhálà lọ́wọ́, mo sì máa ń bá èyí pàdé. Echolalia ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ìsínjẹ. Ọmọ náà gbé gbólóhùn odindi pọ̀ mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ.

Leo Kanner, dókítà tó kọ̀wé nípa ọ́tísìmù ní Amẹ́ríkà ní 1943, sọ nípa ọmọ ọdún 5 kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1946. Ọmọ náà á ṣàdédé ní "Má ju ajá sísàlẹ̀ láti orí báńkónì", níbi tí kò sí ajá, tí kò sí báńkónì. Àṣé ọdún mẹ́ta ṣáájú, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní London, ó ń ju ajá ìṣeré rẹ̀ sísàlẹ̀ ṣáá, ìyá rẹ̀ tí ó ti rẹ̀ láti máa lọ mú un sì fi ìbínú sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti ń ṣe é bíi kó ju nǹkan, gbólóhùn yẹn ló fi ń kìlọ̀ fún ara rẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé, ẹ má bínú: ta ló ń sọ "Pẹ̀lẹ́ ọkọ mi, ó ti tán" nínú ilé yín? Kí ló sì ń ṣe ọmọ náà nígbà tí wọ́n sọ ọ́? Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ lálẹ́ òní.

Ìyá Àkànní, Òṣogbo

Èmi ni. Lọ́dún tó kọjá, ibà dá a wó, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, mo gbá a mọ́ra, ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó.

Bàbá Ire, Peckham

Ìyá Àkànní, tí mo bá ka ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, ọmọbìnrin mi ni mò ń rí. Tó bá fẹ́ kí n gbé òun, "Ṣé kí Dádì gbé ẹ?" ló máa ń sọ. Kò mọ̀ pé "ẹ" gbọ́dọ̀ di "mi" tó bá ti dé ẹnu òun. A wá dín ìbéèrè kù. Dípò kí n bi í, mo ń sọ ọ́ bí òun ṣe yẹ kó sọ ọ́: "Dádì, gbé mi", mo sì gbé e lójú ẹsẹ̀. Ó tó oṣù márùn-ún kó tó sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Tí ẹ bá ní "Ìrẹsì tàbí ẹ̀bà?", ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló máa dì mú, á ní "ẹ̀bà", kó tó dé iwájú rẹ̀ tán á tì í dànù. Ẹ gbé méjèèjì síwájú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó nawọ́. Ẹ sì dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú.

Ti Yorùbá yẹn, ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn olùwádìí ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí i pé èdè méjì ń pa ọmọ ọ́tísìmù lára. Tẹ́ ẹ bá gba Yorùbá lẹ́nu ilé yín, kí ni Màmá máa fi bá ọmọ-ọmọ wọn ṣeré?

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn

Bàbá Ire, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi kún un: àwọn olùwádìí méjì kan, Barry Prizant àti Judith Duchan, wo fídíò ọmọ 4 tó ní ọ́tísìmù, wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1981. Iṣẹ́ 7 ni wọ́n rí tí àsọtúnsọ lójú ẹsẹ̀ ń ṣe. Nígbà míì "bẹ́ẹ̀ ni" ni. Nígbà míì ó ń bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan, nígbà míì kó má baà pàdánù ipò tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ni. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ohun tó sọ, ibi tó ti gbọ́ ọ, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìgbọ́ràn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Tí kò bá sí nítòsí yín, UCH ní Ìbàdàn ń ṣe é.

Ìyá Àkànní, Òṣogbo

Etí ọ̀tún ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, inú rẹ̀ pọ́n, ọyún ti ń yọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń sọ fún mi. Mo sunkún.

A ti gbé e lọ ilé ìwòsàn, wọ́n ti fún un ní oògùn, a ó padà lọ fún àyẹ̀wò ìgbọ́ràn. Màmá bá wa lọ. Wọn ò sọ nǹkankan lójú ọ̀nà. Nígbà tó di alẹ́, mo bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n rọra fi ọwọ́ bo etí rẹ̀, wọ́n ń sọ fún un díẹ̀díẹ̀, "Etí ń dùn mí. Etí ń dùn mí." Ó wo ẹnu wọn títí, ó wá ní: "Etí ń dùn mí, ọkọ mi."