Rẹ́jísítà ààbò tí wọ́n ń kọ tán lọ́jọ́ Jímọ̀: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí ní sáìtì

Sééfítì Katampe
Ẹ̀yin ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Àbújá, ẹ kú ooru o. Èmi ni mò ń rí sí ààbò ní sáìtì alájà márùn-ún kan lápá Katampe. Kí n tó dé ibẹ̀, ìwé ńlá kan ni wọ́n fi ń kọ ìpàdé ààbò àràárọ̀. Mo ṣí i wò: bírò kan, ọwọ́ ìkọ̀wé kan, láti ọjọ́ Ajé dé Jímọ̀. Lébírà kan tó ti padà lọ dáko ní Zamfara látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ṣì ń fọwọ́ sí i láràárọ̀ pé òun gbọ́ ìkìlọ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ bí ẹnì kan bá já bọ́ lọ́la, ìwé yìí náà ni wọ́n máa gbé jáde pé àwọn ti kìlọ̀ fún un.

Mo ní ká gbé e sórí fóònù. KoboToolbox la lò, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù lórí fóònù, torí pé ó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tá a bá kọ á dúró sínú fóònù títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Sìkáfóòdù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn irin àti pákó tí òṣìṣẹ́ ń gùn kọ́lé, ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún láàárọ̀, fóòmán á ya fọ́tò rẹ̀, á kọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, á sì yan orúkọ ẹni tó gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Orí fọ́tò àti orúkọ yẹn gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà wa ní, "Ṣé ilé la wá kọ́ ni, àbí fọ́tò la wá yà?" Àwọn lébírà ní tiwọn rò pé a fẹ́ fi fọ́tò mọ àwọn tá a máa lé dànù ni. Olórí wọn, Màlámù kan tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún, ló fi Hausa là á yé wọn. A tún gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń ka àwọn ìbéèrè náà, nítorí àwọn tí kò lè kàwé.

Kò pẹ́ sígbà náà, pákó yẹ̀ lájà kẹta, bíríkìlà kan já bọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. A ò tíì dé ọsibítù tí wọ́n ti ń sọ pé kò de bẹ́líìtì. Lóòótọ́, kò dè é. Ṣùgbọ́n ó wà lákọsílẹ̀ pé irin ìdábùú kan ti yọ lára sìkáfóòdù yẹn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tá a kọ orúkọ rẹ̀ sí i ṣí i wò, kò ṣe nǹkan kan. Ó tún wà níbẹ̀ pé a ti béèrè bẹ́líìtì lọ́wọ́ sítọ̀, wọn ò fún wa. Ariwo bá rọlẹ̀.

Lábẹ́ òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, òṣìṣẹ́ tó farapa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà míì, ọ̀gá á máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ títí ọjọ́ á fi lọ. Tiwa ò ráyè ìyẹn, ọjọ́ àti aago ti wà nínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n kọ̀wé sí NSITF. Ó yá, ẹ sọ tiyín.

Ayọ́nbẹ́ńdà Lugbe
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. WhatsApp ni tiwa, n ò sì kà á sí àkọsílẹ̀. Mo ya fọ́tò òpó tí wọ́n fi irin mílímítà 12 sí dípò 16, mo fi sí gúrúùpù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá tó ni gúrúùpù ti pa á rẹ́. Láràárọ̀ ni wọ́n sì máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ilé pé gbogbo wa dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Àgbò kan so mọ́lẹ̀ lẹ́yìn wa nínú fọ́tò yẹn. A pa àgbò náà, a jẹ ẹ́, Iléyá kọjá, àgbò ṣì ń yọjú nínú fọ́tò àárọ̀!

Sééfítì Katampe
Háà! Ìdí tá a fi sé gálárì pa nìyẹn o. Inú fọ́ọ̀mù náà lèèyàn ti gbọ́dọ̀ yà á lójú ẹsẹ̀.

Obìnrin Ẹnjiníà, Idu
Ẹ jẹ́ kí n mú ti kọnkéré wá. Tá a bá da dẹ́kì, a máa ń mú kúùbù níbẹ̀, ìyẹn kọnkéré díẹ̀ tá a dà sínú àpótí kékeré, a ó sì tẹ̀ ẹ́ fọ́ ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28 láti mọ bó ṣe lágbára tó. Tẹ́lẹ̀, èsì tí kò dáa máa ń sùn sínú dúrọ́ọ̀. Ní báyìí, orí Google Sheets ló ń lọ, ẹni tó ni ilé sì ń rí i nígbà tí àwa náà ń rí i. Lọ́jọ́ kan, èsì ọjọ́ 7 wálẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ káfíńtà ti ń múra láti yọ igi abẹ́ dẹ́kì. Onílé pè láti Kánádà kí kọ́ńtírákítọ̀ tó rí àwáwí wí. Igi ò kúrò níbẹ̀. Látìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ Saints Academy ti wó ní Jos lóṣù keje ọdún 2024, tó pa àwọn ọmọ inú kíláàsì, mi ò gba "ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ ná" lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Bàbá Mararaba
Ilé yàrá mẹ́ta lèmi ń kọ́ o. Ṣé kí n wá kọ́ bíríkìlà ní Kobo ni?

Sééfítì Katampe
Rárá o, Bàbá. Ẹ ní kó máa ya fọ́tò sìkáfóòdù àti irin kó tó da kọnkéré, kó fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, kì í ṣe WhatsApp. Kó kọ orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sí i.

Bàbá Mararaba
Mo gbọ́. Ta ni yóò wá máa ra dátà?

Sééfítì Katampe
Ẹ̀yin ni o, Bàbá.