Fáànù hítà Celica 1995 mi ń ṣe ségesège, rìwáyà fẹ́ fi wáyà bàbà dípò fíùsì, ṣé kí n gbà?

ỌmọTákíè:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó bọ́ sórí. Toyota Celica 1995 ni mo ní, onílẹ̀kùn méjì, bàbá mi ló rà á ní tòkunbọ̀ kí wọ́n tó gbé e fún mi, mi ò sì lè tà á láé. Ó wà nílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò nílé wa ní Ogbómọ̀ṣọ́ bí oṣù mẹ́jọ torí gíà. Nígbà tí mo gbé e jáde báyìí, fáànù tó ń fẹ́ hítà (òun náà ló ń fẹ́ AC, fáànù kan náà ni) ò ṣiṣẹ́ mọ́ ní nọ́ńbà 1, 2 àti 3, àfi 4 nìkan. Mo ń lò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, 4 yẹn náà ti ń ṣe ségesège, á ṣiṣẹ́ á dákẹ́, tí mo bá kó sí gálọ́ọ̀pù á tún ṣiṣẹ́, á máa han gooro, òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jó á sì máa bá atẹ́gùn jáde. Fíùsì ti jó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ni mo fẹ́ fi hítà ṣe nílùú wa níbí. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, òjò dé, gíláàsì iwájú bá ṣú láti inú, ó funfun báláú, tírélà ń bọ̀ níwájú wa, iná ẹ̀ kàn fọ́n ká ojú gíláàsì ni, mi ò rí títì mọ́. Ìyàwó mi ń fi ìborùn ẹ̀ nu gíláàsì, èmi ń rá pálá lọ títí a fi ríbi yà sí. Àyà mi ṣì ń já tí mo bá rántí.

Rìwáyà tí mo gbé e lọ bá ní fíùsì yẹn ló kéré, kí òun fi wáyà bàbà síbẹ̀, kí òun sì fa wáyà mìíràn tààrà láti bátìrì. Ṣé kí n gbà? Níbo gan-an sì ni mọ́tò fáànù yìí wà?

Rìwáyà Ọ̀wọ́dé:
Àbúrò, má gbà o! Má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án mọ́ rárá. Iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí, ọdún 22 rè é, mọ́tò mẹ́ta ni mo ti fojú mi rí tí inú dáṣíbọ́ọ̀dù wọn jó nítorí wáyà bàbà tí wọ́n fi dípò fíùsì. Fíùsì ń jó torí iná tó ń gba inú ẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí wọ́n ní kó gbé lọ, kí wáyà má bàa jó. Tó bá wá di bàbà níbẹ̀, fíùsì ò ní jó mọ́ lóòótọ́, wáyà ni yóò máa jó, ìwọ ò sì ní rí i torí ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣe mọ́tò ẹ. Nọ́ńbà 1 sí 3 gba inú rẹsísítọ̀ kọjá, òun ló ń dín agbára fáànù kù. Nọ́ńbà 4 kì í gba ibẹ̀, tààrà ló ń lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí rẹsísítọ̀ bá jó, 4 nìkan ló máa ń kù. Àwọn tó ń ta pààtì á kàn tà á fún ẹ, wàá lọ, lẹ́yìn oṣù méjì òmíràn á tún jó. Wàyí o, rẹsísítọ̀ yẹn máa ń gbóná gan-an, atẹ́gùn fáànù fúnra ẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ kó tutù, ojú ọ̀nà atẹ́gùn ni wọ́n kúkú fi í sí. Tí fáànù bá le, tí ò yí dáadáa, á máa fa iná tó pọ̀, atẹ́gùn ò sì ní tó láti fẹ́ rẹsísítọ̀, fíùsì kékeré tó máa ń wà lára ẹ̀ á gé. Nítorí náà mọ́tò fáànù tó le yẹn ni kó o wá, òun ló bí gbogbo wàhálà tó kù.

Ibi tó wà: ẹ̀yìn pigeon hole (àpótí kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù), lókè ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Kọ́kọ́ yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì. Rọra yọ pigeon hole, nítorí Ọlọ́run má fi agbára fà á, rọ́bà ọdún 30 yẹn ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, bó bá ṣẹ́ o ò ní rí òmíràn rà kíákíá. Yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀, tú síkúrúù mẹ́ta tó wà lábẹ́, gbogbo ẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sọ́wọ́ ẹ. Àmọ́ kó o tó yọ orí bátìrì, tan an sí 4 nígbà tó bá ti dákẹ́, fi ìdí sukúdiráfà gbá ìdí mọ́tò fáànù náà jẹ́jẹ́. Tó bá ta kìjí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ (òun ló ń gbé iná wọ ibi tó ń yí) ti jẹ tán nìyẹn. Gálọ́ọ̀pù tó o ní ó ń jí i yẹn ti fẹ́ẹ̀ jẹ́ kí n búra.

Sábó Boy:
Ẹ̀gbọ́n ẹ má da ara yín láàmú jàre, ẹ fín WD-40 sí i. Tí ò bá gbọ́, ẹ wọ mọ́tò lọ Agodi Gate n'Íbàdàn, ní Araromi, ẹ ra fáànù Camry tàbí Corolla, Toyota ni gbogbo ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Oníná:
Sábó Boy, WD-40 á jẹ́ kó dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, á fọ ìwọ̀nba epo tó kù ní búùṣì (ibi tí irin àárín fáànù ti ń yí) lọ, á tún wá han ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀kán epo ẹ́ńjìnnì kan péré sí búùṣì lókè, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀, ó parí, kó má kan kábọ́ọ̀nù o. Ti fáànù Camry, ó lè wọlé, àmọ́ ẹ wo ihò síkúrúù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wo bí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ ṣe ga tó, ẹ sì wo apá ibi tó ń yí sí. Tí wọ́n bá pààrọ̀ wáyà méjì ẹ̀ síra, á máa yí sẹ́yìn, atẹ́gùn á ṣì máa jáde lójú ihò kan náà àmọ́ kò ní lágbára rárá, ẹ̀yin á wá rò pé fáànù òkú ni wọ́n tà fún yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò àǹtí mi, ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ń bá ọlọ́jà jà.

ỌmọTákíè, kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ lo tẹ́sítà onígílóòbù. Ní ọ̀pọ̀ Toyota ìgbà yẹn, swíìṣì fáànù wà ní apá ẹ́ẹ̀tì (nẹ́gátíìfù), kì í ṣe apá pọ́sítíìfù, èyí sì máa ń da ọ̀pọ̀ rìwáyà lọ́kàn rú. Ẹ ṣí iná kọ́kọ́rọ́, ẹ fi fáànù sí 1 tó ti kú yẹn (rẹsísítọ̀ ti gé, kò ní yí), ẹ má yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gún wáyà méjèèjì ní ìdí mọ́tò fáànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná gbọ́dọ̀ wà nínú méjèèjì, torí pé ó ń gba inú mọ́tò kọjá. Tó bá wà nínú ọ̀kan tí ò sí nínú ìkejì, inú mọ́tò ti gé, kábọ́ọ̀nù nìyẹn. Tó bá wà nínú méjèèjì tí ẹ fi sí 4 tí ìkejì ò sì kú, ẹ wá a sí swíìṣì tàbí ẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá ń lo mítà, ẹ má fi wọn ámípì fáànù yìí ní ojú 10A ẹ̀, ó lè fà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 4, fíùsì mítà á lọ.

Ohun kan tún wà tó ká mi lára: mọ́tò tó ti wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, eku lè ti wọ inú ẹ̀. Ẹ wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, ẹ má fi atẹ́gùn kòmpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, ẹ fi omi oníjíìkì rin ín kí ẹ tó kó o. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lè gbé ibà Lassa, èèyàn sì lè fà á símú.

Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ní Leeds:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run ló yọ yín. Níbí, hítà tí ò fẹ́, a ò lè wa mọ́tò rárá láàárọ̀. Títí ẹ ó fi ṣe é, tí gíláàsì bá tún ṣú ẹ má fi ìborùn nu ún, ẹ sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kalẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ darí atẹ́gùn sójú gíláàsì, ẹ tan AC àti hítà pọ̀, AC ló ń fa omi kúrò nínú atẹ́gùn. Kí atẹ́gùn máa wọlé láti ìta, kó má jẹ́ pé ti inú mọ́tò ló ń yí po.

ỌmọTákíè:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́, mo tú u dá. Àná, Sátidé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́tò láti aago mẹ́jọ. Tẹ́sítà tàn ní wáyà kan, kò tàn ní ìkejì, bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo fi ìdí sukúdiráfà gbá a, ó sọ kìì, ó yí. Nígbà tí mo sọ fáànù kalẹ̀, ewé máńgòrò gbígbẹ ló kún inú ẹ̀, pẹ̀lú fóòmù tí wọ́n já lára ìjókòó mi àti èèpo ẹ̀pà. Eku ti kọ́lé síbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti wọ ìbòmú kí n tó dé ibẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.

Kábọ́ọ̀nù kan ṣì gùn tó èékánná, èkejì ti jẹ tán débi pé sípíríǹgì ẹ̀ ti ń ha bàbà. Ọ̀kan lára ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ́, ó dúdú, òórùn rọ́bà ìjọ́sí nìyẹn. Mo ra kábọ́ọ̀nù ẹ̀rọ tó ń gé irin nítòsí Tákíè, ó tóbi jù, mo fi sáńpépà lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń lọ ń bọ̀ nínú ilé ẹ̀ láì há. Mo fi èyí tó kúná jù nínú sáńpépà nu bàbà ibi tó ń yí lé, mo fi abẹ́rẹ́ yọ èérí inú àlà ẹ̀. Mo pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi rẹsísítọ̀ tuntun sí i, fíùsì tí wọ́n kọ sára ìdérí ilé fíùsì náà ni mo dá padà, kò lé kò dín.

1, 2, 3, 4 ti ń ṣiṣẹ́! Mo gbé ìwé tíṣù síwájú ihò atẹ́gùn, ó fò lọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Àmọ́ níbo ni ewé yẹn gbà wọlé?

Rìwáyà Ọ̀wọ́dé:
Káre láé! Abẹ́ wápà ló gbà wọlé, lábẹ́ ike dúdú tó wà nídìí gíláàsì. Gé nẹ́ẹ̀tì irin tí wọ́n fi ń ṣe fèrèsé, èyí tí ojú ẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà, fi bo ihò yẹn, kó o sì kó gbogbo ewé tó bá wà níbẹ̀ kí òjò tó tún dé. Sì gbé mọ́tò yẹn kúrò lábẹ́ máńgòrò.

ỌmọTákíè:
Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga báyìí, ọ̀gá mi. Mo ń lọ wá nẹ́ẹ̀tì náà lọ́la.